Ìtọ́jú àti Àyẹ̀wò Àwọn Àtùpà Orí Ìtàgé

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó ń dúró de ẹni tí yóò di olùkọ́, ọ̀kan wà tí kò sí nínú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́, síbẹ̀ tí kò sí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ náà ni eré àwọn ọmọ. Bí oṣù Kejìlá bá dé, àwọn ọmọ yóò ṣe eré ìbí Olúwa. Bí oṣù Keje bá dé, wọn yóò tún ṣe eré ní ọjọ́ ìfúnni-ní-ẹ̀bùn. Olùkọ́ tí ó kéré jù lọ ni ọ̀gá yóò sì pè pé kí ó lọ wá iná tí a ó fi ṣeré. Olùkọ́ náà yóò lọ yá àtùpà mẹ́rin tàbí mẹ́fà, yóò gbé wọn kọ́ sókè, yóò tẹ súìṣì, iná yóò tàn, gbogbo ènìyàn yóò sì pàtẹ́wọ́. A rò pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé iná tí ó tàn kò jẹ́rìí ohunkóhun ju pé ó tàn lọ. Àtùpà tí ó lè pa ọmọdé a máa tàn yanran gẹ́gẹ́ bí èyí tí kò lè pa á. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè mọ ìyàtọ̀ wọn ni kí a tọ́jú wọn, kí a sì dán wọn wò, kí àwọn ọmọ tó dé ìdí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ajíbọ́dẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú kékeré yìí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ẹ̀yìn Yunifásítì Ìbàdàn. Nínú yunifásítì náà ni ilé ìṣeré tí a ń pè ní Arts Theatre wà, èyí tí a kọ́ ní 1955, nígbà tí a ṣì ń pe ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà ní University College. Níbẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti ṣe eré Lánkẹ́ Ọ̀mùtí ní 1963, tí Demas Nwoko sì ṣe ètò ìtàgé rẹ̀. Ilé irú èyí ní ọ̀pá irin tí a ń so àtùpà mọ́, ó ní yàrá tí a ti ń darí iná, ó sì ní àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mójú tó o. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ibẹ̀ bọ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti gbọ̀ngàn ìjọ tí ó wà ní Ajíbọ́dẹ, ní Ṣáṣá, àti ní àwọn abúlé oko tí ó lọ títí dé ọ̀nà Mọ́níyà, ohun tí a ó máa bá pàdé ni àtùpà àyálò, okùn wáyà àyálò, àti jẹnẹrétọ̀ tí ó ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni olùkọ́. Iná mànàmáná kò sì mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni òun wà; òfin kan náà ni ó ń tẹ̀lé ní ìhà méjèèjì.

OHUN TÍ OJÚ ÀWỌN TI ÌṢÁÁJÚ RÍ

Kí iná mànàmáná tó dé, iná gáàsì ni àwọn ilé ìṣeré ńláńlá ní Yúróòpù ń lò. Ahọ́n iná a máa jó láàárín aṣọ títa àti igi gbígbẹ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1881, ilé ìṣeré Ringtheater ní ìlú Vienna jóná, àwọn tí ó kú sì ju 300 lọ. Ní 1887, ilé ìṣeré Theatre Royal ní ìlú Exeter, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jóná bákan náà nígbà tí iná gáàsì ran ohun èlò ìtàgé. Ènìyàn 186 ni ó ṣègbé.

Ní ọdún 1881 kan náà ni ilé ìṣeré Savoy ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí lo iná mànàmáná, pẹ̀lú gílóòbù tí Joseph Swan ṣe. Ẹ̀rù ń ba àwọn òǹwòran. Nítorí náà, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún náà, Richard D'Oyly Carte tí ó ni ilé náà dúró níwájú gbogbo ènìyàn, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé gílóòbù kan tí ó ń tàn, ó sì fọ́ ọ. Iná kú, aṣọ náà kò sì jó. Gbogbo ènìyàn hó fún ayọ̀. Òtítọ́ ni ohun tí ó fi hàn wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ní ilé ìṣeré Iroquois ní ìlú Chicago, ilé tuntun tí wọ́n ti polówó pé iná kò lè jó o, àtùpà mànàmáná kan ta iná sí ara aṣọ ìtàgé. Àwọn tí ó kú ju 600 lọ; ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá àti ọmọ tí wọ́n wá wo eré ìsinmi Kérésìmesì.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé iná mànàmáná mú ahọ́n iná kúrò, ṣùgbọ́n kò mú ooru kúrò. Ó sì tún mú ewu kejì wá tí ojú kò lè rí, èyí ni gbígbé tí iná ń gbé ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ju bí a ti rò lọ. Ní 1944, fún Ìjọ Olúwa ní Èkó ni Hubert Ògúndé ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́, ní gbọ̀ngàn Glover. Inú ìjọ ni eré náà ti jáde. Inú gbọ̀ngàn ìjọ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ eré àwọn ọmọ sì ń wáyé títí di òní.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ARA ÀTÙPÀ

Àtùpà ìtàgé kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Àpótí irin ni, tí gílóòbù ńlá wà nínú rẹ̀, tí ó máa ń jẹ́ 500 tàbí 1000 wáàtì. Ní ẹ̀yìn gílóòbù ni àwo dídán wà, tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà síwájú; ní iwájú rẹ̀ ni dígí nípọn wà, tí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan. Lókè àti nísàlẹ̀ àpótí ni ihò wà, kí afẹ́fẹ́ lè máa gbé ooru jáde. Apá irin àti ìkọ́ ni a fi ń gbé e rọ̀. Ní ẹ̀yìn ni okùn wáyà ti jáde, wáyà mẹ́ta ni ó sì wà nínú okùn yìí: ọ̀kan ni iná ń gbà wọlé, ọ̀kan ni iná ń gbà padà, ẹ̀kẹta kò gbé iná kankan ní ọjọ́ dáradára. Ẹ̀kẹta yìí ni wáyà ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí rẹ̀, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ wa yóò padà sí.

ÀKÓKÒ MÉJÌ, EWU MÉJÌ

Eré wa méjèèjì bọ́ sí àkókò tí ó burú jù lọ fún àtùpà. Oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ ń dé, tí ekuru Sàhárà ń bà lé ohun gbogbo. Ekuru yìí a wọ inú àpótí àtùpà, aláǹtakùn a ta ọ̀wú rẹ̀ sí ojú ihò afẹ́fẹ́, agbọ́n a sì mọ ilé amọ̀ sí inú rẹ̀. Bí a bá tan àtùpà bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò ṣókùnkùn, nítorí pé ekuru ti bo dígí àti àwo rẹ̀. Olùkọ́ tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò wá gílóòbù tí ó tóbi jù lọ fi sí i, ooru yóò sì tún pọ̀ sí i. Ooru tí kò rí ihò jáde yóò máa jẹ ìbora wáyà títí yóò fi gbẹ, tí yóò sì máa rún bí àkàrà àná. Lójú kan náà, aṣọ títa, imọ̀ ọ̀pẹ àti bébà tí a fi ṣe ilé ẹran Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ti gbẹ nínú ọyẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Gílóòbù irú èyí tí ó wà nínú àtùpà ìtàgé a máa gbóná ju ìwọ̀n 250 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí omi ń hó ní 100. Àtùpà tí a gbé sún mọ́ imọ̀ gbígbẹ, iná tí a fi sórí òrùlé ni.

Oṣù Keje ní ewu tirẹ̀. Òjò ti rọ̀ fún oṣù mẹ́ta, àtùpà sì ti wà nínú yàrá ìkẹ́rù láti Kérésìmesì. Ọ̀rinrin ti wọ inú ihò gílóòbù àti ìbora wáyà. Ìpẹtà ti mú ìdè àti ojú ibi tí a so wáyà mọ́. Eku sì lè ti jẹ okùn náà. Nínú ọyẹ́, jíjó ni a ń bẹ̀rù. Nínú òjò, gbígbé ni. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò kan ṣoṣo lọ́dún kò fi tó fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ṣeré lẹ́ẹ̀mejì.

BÍ A TI Í FỌ ÀTÙPÀ

Kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, kí a fa púlọ́ọ̀gì yọ kúrò lára ògiri. Pípa súìṣì nìkan kò tó, nítorí ẹnikẹ́ni lè wá tẹ̀ ẹ́, a sì ti rí súìṣì tí a so sí orí wáyà tí kò yẹ. Kí a gbé púlọ́ọ̀gì náà sí ibi tí ojú wa yóò ti máa rí i. Lẹ́yìn èyí kí a dúró tó ààbọ̀ wákàtí kí àtùpà lè tutù. Kí a ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀sán, lórí tábìlì, lẹ́bàá fèrèsé, kí a sì fi aṣọ bo imú.

Ìkìlọ̀ kan wà tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn àtùpà àtijọ́ tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, irú Patt. 23 tí ilé-iṣẹ́ Strand Electric bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1953, ṣì wà ní ọwọ́ àwọn ènìyàn. Nínú ọ̀pọ̀ irú wọn, asibẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun kan náà tí a fi ṣe àjà àwọn ilé àtijọ́, ni a fi wé wáyà nítorí ooru. Bí a bá ṣí àtùpà àgbà, tí a rí i pé ohun funfun tàbí eérú tí ó rí bí òwú ni ó bo wáyà rẹ̀, kí a má ṣe gbọ̀n ọ́n, kí a má ṣe fẹ́ ẹ, kí a má ṣe nù ún. Ekuru rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Nítorí èyí ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi òfin dè é pátápátá ní 1999. Kí a dé àtùpà náà padà, kí a wé e sínú ọ̀rá, kí a sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ó.

Bí kò bá sí èyí, kí a yọ gílóòbù ṣáájú. Kí a má ṣe fi ọwọ́ lásán mú un. Kí a fi aṣọ mímọ́ tàbí bébà dì í mú. Ọ̀rá ara ènìyàn, bí ó ti wù kí ó kéré tó, a máa lẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀. Nígbà tí ó bá gbóná, ọ̀rá náà yóò jẹ ojú gíláàsì, ibẹ̀ yóò funfun, yóò wú, gílóòbù yóò sì kú láìpẹ́ ọjọ́, tàbí kí ó tilẹ̀ bú. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, kí a fi òwú tí a tẹ̀ sínú sípíríìtì nù ún, kí ó gbẹ kí a tó dá a padà.

Lẹ́yìn náà ni kí a yọ dígí, kí a sì ṣàkíyèsí ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú síwájú, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan a máa tẹ́ pẹrẹsẹ, èkejì a sì yọ ikùn. Bí a bá dá a padà lódì, ìmọ́lẹ̀ kò ní kó ara jọ mọ́. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ tó o. Kí a fi aṣọ òwú tí kì í já, irú síńgílẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbó, nù ún gbẹ. Dígí tí ó ṣì gbóná kò gbọ́dọ̀ rí omi tútù, nítorí yóò sán.

Àwo dídán ni ó gba sùúrù jù lọ. Ó ti mọ́ wa lára láti fi kàn-ìn-kàn-ìn àti eérú gbo ìkòkò títí yóò fi dán. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwo yìí, a ó họ ọ́ lára, kò sì ní dán mọ́ láéláé. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti aṣọ tí a fi sípíríìtì rin díẹ̀ ni ó yẹ ẹ́. Inú àpótí fúnra rẹ̀ kò fẹ́ omi rárá. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí a fi gbọ́n ọn, kí a tú ilé agbọ́n kúrò, kí a sì rí i pé ojúmọ́ là gba inú gbogbo ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Kí a má ṣe fi epo kankan sí ìdè rẹ̀, nítorí nígbà tí ó bá gbóná yóò rú èéfín.

Àwọn àtùpà LED ti òde òní kò gbóná tó ti àtijọ́, ìdí sì nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé wọn kò fẹ́ ìtọ́jú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ní fáànù kékeré tí ń tu inú wọn. Bí ekuru bá dí i, ooru yóò pa wọ́n. Irin sì ni ara wọn, wọ́n sì ní wáyà ilẹ̀ tiwọn.

ÀṢÍRÍ WÁYÀ ILẸ̀

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé nínú àpótí irin, wáyà tí iná ń gbà wọlé bó lára, ó sì fi ara kan irin. Bí wáyà ilẹ̀ bá wà ní pípé láti ara irin náà dé ilẹ̀, iná púpọ̀ yóò sáré gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fíùsì yóò jó, àtùpà yóò kú. Gbogbo ènìyàn yóò bínú pé iná lọ ní àárín eré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò farapa. Bí wáyà ilẹ̀ bá ti já ńkọ́? Kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ rárá. Fíùsì kò ní jó, gílóòbù yóò máa tàn, ara irin yóò sì kún fún 230 fóòtì, yóò máa dúró de ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi ọwọ́ kàn án nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí sìmẹ́ńtì tútù. Ẹni náà ni yóò wá di wáyà ilẹ̀.

Kí a má ṣe rò pé iná kékeré kò lè pa ènìyàn. Ẹ̀rọ agbanilà tí a ń fi sí ẹnu ọ̀nà iná, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní RCD, ni a ṣe láti pa iná bí èyí tí ń sá lọ sí ilẹ̀ bá ti tó 30 nínú 1000 áńpù, nítorí pé ohun tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ lè dá ọkàn dúró. Gílóòbù 60 wáàtì tí a ń tàn sí ẹnu ọ̀nà ilé ń gba nǹkan bí 260 nínú 1000 áńpù, èyí ju ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, wáyà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan lójú wa ni ó ń gba ẹ̀mí là. Níwọ̀n bí kì í sì í ṣe òun ni ó ń tan gílóòbù, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọjọ́ tí ó já, bí kò ṣe ẹni tí ó bá wádìí. Àwọn kan tilẹ̀ a máa gé e kúrò, tàbí kí wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì, kí ó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti yọ ilẹ̀kùn ilé nítorí pé kò rí olè lánàá.

ÀYẸ̀WÒ OJÚ, ÀYẸ̀WÒ ỌWỌ́, ÀYẸ̀WÒ MÍTÀ

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ jẹ́ ti ojú, gbogbo wa ni a sì lè ṣe é. Kí a wo okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ṣé ó bó, ṣé ó sán, ṣé eku jẹ ẹ́, ṣé a fi téèpù lẹ̀ ẹ́? Ṣé púlọ́ọ̀gì sán tàbí ó ti jó dúdú? Kí a ṣí púlọ́ọ̀gì kí a wo àwọ̀ wáyà. Nínú okùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti pẹ́ ju 1970 lọ, pupa ni iná ń gbà wọlé, dúdú ni ó ń gbà padà, àwọ̀ ewé sì ni ti ilẹ̀. Nínú èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ pupa ṣíṣókùnkùn ni iná ń gbà wọlé, búlúù ni ó ń gbà padà, àwọ̀ ewé tí ó ní ìlà yẹ́lò sì ni ti ilẹ̀. Nínú ti Amẹ́ríkà, dúdú ni iná ń gbà wọlé, funfun ni ó ń gbà padà. Ẹni tí ó bá so àtùpà Amẹ́ríkà bí ẹni pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ti so ikú mọ́ ibi tí a rò pé ìyè wà. Pẹ̀lúpẹ̀lù, 120 fóòtì ni a ṣe ọ̀pọ̀ irú wọn fún, 230 wa yóò sì jó wọn.

Àyẹ̀wò kejì jẹ́ ti ọwọ́, nígbà tí púlọ́ọ̀gì ṣì wà ní yíyọ. Kí a rọra fa okùn níbi tí ó gbé wọ inú àtùpà àti níbi tí ó gbé wọ inú púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá yọ́ tẹ̀lé wa, ohun tí ó dì í mú ti tú. Kí a mi gbogbo ìdè, apá, ìkọ́, àti ihò gílóòbù wò.

Àyẹ̀wò kẹta jẹ́ ti mítà, oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ṣe é, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ dúró tì í, kí ó mọ ohun tí ó ń wò. Tẹ́sítà tí ó dà bí bírò, tí gbogbo ènìyàn ní, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó lè fi hàn pé iná wà, kò lè fi hàn pé wáyà ilẹ̀ já. Ohun méjì ni a ń wá. Èkíní: láti ẹsẹ̀ ilẹ̀ ti púlọ́ọ̀gì dé ara irin àtùpà, ìdènà kò gbọ́dọ̀ ju 0.1 óòmù lọ, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí gígùn okùn fúnra rẹ̀ ń mú wá. Kí mítà kan irin lásán, kì í ṣe ọ̀dà. Kí a sì dán àpótí, ìdérí àti apá rẹ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí a máa mi okùn bí a ti ń wò ó, nítorí wáyà tí ó ti já sínú ìbora rẹ̀ a máa pàdé, a sì tún máa pínyà. Mítà kékeré oníbátìrì lè dún pé wáyà pé nígbà tí ó jẹ́ pé fọ́nrán kan ṣoṣo ni ó kù tí ó dì í mú. Fọ́nrán yẹn yóò jó lọ́jọ́ ìdààmú. Ìdí nìyí tí mítà àyẹ̀wò gidi fi dára jù.

Èkejì ni ìbora wáyà. A ó so wáyà iná méjèèjì pọ̀, a ó fi mítà pàtàkì rán 500 fóòtì sí àárín wọn àti ara irin. Ìdènà ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí mílíọ̀nù kan óòmù. Bí ó bá dín nígbà òjò, ó lè jẹ́ ọ̀rinrin nìkan ni. Kí a gbé e sí ibi gbígbẹ, kí a sì tún un dán wò. Bí kò bá sunwọ̀n sí i, kí a má ṣe lò ó. Ní ti àtùpà LED, 500 fóòtì lè ba inú rẹ̀ jẹ́. Ìlànà ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ni kí a tẹ̀lé.

KÍKỌ́ RẸ̀ SÓKÈ ÀTI FÍFÚN UN NÍ INÁ

Àtùpà tí ó yege lórí tábìlì ṣì lè jábọ́. Kí ìkọ́ rẹ̀ le dan-in, kí a sì fi ṣẹ́ẹ̀nì tàbí okùn irin kejì so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ìkọ́ bá tú, yóò rọ̀ síbẹ̀. Okùn ọ̀rá kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀nì, nítorí ooru yóò yọ́ ọ. Ní ti aṣọ àti imọ̀, bí kò bá sí àkọlé lára àtùpà tí ó sọ ìwọ̀n àyè rẹ̀, àwa ń dámọ̀ràn pé kí mítà kan ó kéré tán wà láàárín wọn.

Kí a ṣe ìṣirò pẹ̀lú. Àtùpà 1000 wáàtì kan ń gba nǹkan bí 4.35 áńpù. Méjì lórí okùn kan tí fíùsì rẹ̀ jẹ́ 13 áńpù kò burú; mẹ́ta ti ju 13 lọ díẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ fíùsì náà tí ó fi wáyà dípò rẹ̀ ti lé olùṣọ́ lọ. Bákan náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ẹyọ kan nínú àtùpà bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ńlá sì ní ìṣòro mìíràn: wáyà ilẹ̀ tí ó ti ara àtùpà wá kò já sí ilẹ̀ kankan, àfi bí oníṣẹ́ iná bá gbin ọ̀pá irin sí ilẹ̀ tí ó sì so ó pọ̀ bí ó ti yẹ. Títẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ agbanilà nìkan kò tó láti fi èyí hàn. Kí a bi oníṣẹ́ iná náà léèrè, kí a sì jẹ́ kí ó dán an wò lójú wa.

ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀

Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan, kí a fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí ara àtùpà kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé náà kí a kọ ọjọ́ tí a fọ̀ ọ́, ohun tí ojú rí, iye tí mítà kà, orúkọ ẹni tí ó dán an wò, àti ìdájọ́: ó yege, tàbí kò yege. Èyí tí kò bá yege, kí a gé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò kí a tó gbé e pamọ́, nítorí pé bébà tí a lẹ̀ mọ́ ọn lè já, olùkọ́ tí ó mọ̀ sì lè ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn nígbà tí Kérésìmesì bá tún dé. Àtùpà tí a yá láti òde kò sì yọ kúrò nínú òfin yìí. Kí a dá ọjọ́ rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú eré, kì í ṣe alẹ́ eré gan-an, nígbà tí ọ̀gá ń pariwo, tí àwọn òbí ti jókòó, tí ojú sì ń ti ènìyàn láti sọ pé èyí kò dára.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn àwọn wúńdíá mẹ́wàá. Àtùpà ni gbogbo wọn gbé lọ́wọ́. Ohun tí ó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni èyí tí a ti ṣe ṣáájú kí igbe tó dé. Agbára òjò kò sọ pé òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná kò ṣèlérí fún ọmọ kankan. Àwa olùkọ́ ni a óò dúró láàárín wọn. Nítorí náà, a bẹ àwọn olùkọ́ wa ọ̀wọ́n pé kí a fi àtùpà ìtàgé kan àti mítà kan sí yàrá iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí a má ṣe jáde nílé-ẹ̀kọ́ yìí kí olúkúlùkù wa tó ṣí i, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì wá wáyà ilẹ̀ rẹ̀ rí. Ní ti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí ẹ bá dé abúlé tí a ó rán yín lọ, tí ẹ tẹ súìṣì tí iná sì tàn, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ta ni ó dán an wò, nígbà wo sì ni?